Yàrá Òkùnkùn ní Ìṣarà

Àká obì ni yàrá náà kí ó tó di tiwa.
Títí di òní, bí òjò bá rọ̀ n'Ìṣarà,
ògiri á máa mí òórùn ewé tí wọ́n fi bo obì,
òórùn oògùn fíìmù á sì dá a lóhùn.
Bùràímọ̀ Ọ̀nàfowókàn ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa
ní náírà méjì lóṣù.
Ọmọ Rẹ́mọ ni: ìfẹ́ lọ́tọ̀, ìwé owó lọ́tọ̀.

Mẹ́tàlá ni wá nígbà náà:
tíṣà méjì, télọ̀ kan, nọ́ọ̀sì kan láti Ìpẹru,
Ṣówándé tó ń tún aago ṣe,
àti èmi tí mo kéré jù, tí wọ́n ní kí n máa kọ ìwé ẹgbẹ́.
Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun a ó ti ìlẹ̀kùn,
a ó fi àkísà dí abẹ́ rẹ̀,
gúlóòbù pupa á ṣẹ́jú,
a ó ti bébà funfun bọ omi,
a ó máa wò ó bí ìkòkò tí kò tètè hó.
Lójijì, ipéǹpéjú.
Ó pẹ́ díẹ̀, imú.
Ó tún pẹ́ díẹ̀, ìyàwó onílé ń fi wá rẹ́rìn-ín.

A fọ fíìmù, fíìmù fọhùn.
Òfin wa kò ju ẹyọ kan lọ:
ẹni tí kò bá fọwọ́ ara rẹ̀ fọ fíìmù, kì í ṣe ara wa.

Ṣọ́ọ̀bù Ìjẹ̀bú-Òde tó ń tà á fún wa
bẹ̀rẹ̀ sí í ta káàdì fóònù.
Ikú mú mẹ́rin, Lọ́ńdọ̀nù mú nọ́ọ̀sì, ojú télọ̀ fọ́.
A ṣì ń pàdé o. A ń jẹ ọ̀jọ̀jọ̀,
a ń nu kámẹ́rà bí ẹni ń nu bàtà
tí kò rí òde lọ.

Gbogbo ìlú wá di ayàwòrán.
Ọmọdé ń ya ìrẹsì kó tó jẹ ẹ́,
ó ya ara rẹ̀ nígbà ogún, ó pa mọ́kàndínlógún rẹ́.
Ṣówándé ní, "Àwòrán tí a kò fi ọjọ́ mẹ́ta retí,
àlejò tí kò kanlẹ̀kùn ni."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹnìkan kanlẹ̀kùn.
Mofìyìn ni, ọmọ-ọmọ Ọ̀nàfowókàn.
A rò pé owó ilé ni.
"Wọ́n ní àwòrán ìyá bàbá mi wà lọ́wọ́ yín.
Tiwa bá ilé jó."

Mo gbé agolo bisikíìtì jáde.
Eyín dúdú, irun funfun, òdìkejì ayé nínú fíìmù,
bébà tí à bá tẹ̀ ẹ́ sí sì ti tán tipẹ́.
Ọmọ náà tan fóònù kan sábẹ́ rẹ̀,
ó fi ìkejì yà á,
ó fi ìka kan ra ojú gíláàsì.
Ìyá Ṣẹ̀gilọlá jókòó ti apẹ̀rẹ̀ obì,
ó ń wò wá bí ẹni tí a jẹ lówó.

Ṣówándé bọ́ awò ojú rẹ̀.
"Èyí náà..." Ó dákẹ́. "Ṣé fífọ̀ nìyẹn?"
Mo ṣí ìwé òfin.
Mo fa ìlà sábẹ́ "fọwọ́ ara rẹ̀".
Ìka ọmọ náà, ṣebí ara ọwọ́ ni.

A ti di mọ́kànlélógún báyìí.
Nọ́ọ̀sì ń pariwo láti Lọ́ńdọ̀nù:
"Odùnúgà kọ́ nìyẹn! Àbúrò rẹ̀ ni, ẹ wo etí!"
Owó ẹgbẹ́ ń gba orí fóònù wọlé,
agolo owó kò dún mọ́, ìró rẹ̀ ń ṣe mí bí àárò.
Àwọn ọmọ fẹ́ kí ìpàdé di Sátidé. A ṣì ń jà sí i.
Ọ̀kan nínú wọn wá oògùn fíìmù títí ó fi rí i,
ó ní kí a tan gúlóòbù pupa,
òun fẹ́ mọ bí ó ṣe ń rí
kéèyàn dúró de ojú.

Èmi náà ti ra fóònù.
Mo ya igi obì ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ Àìkú.
N kò tíì wò ó.
Ọ̀la ni Ìṣẹ́gun.